Èrè Tí Ó Wà Nínú Kíkọ́ Ọmọ Tí Ó Nílò Ẹ̀kọ́ Àkànṣe



Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu wa ní ilẹ̀ yìí, pé ọ̀run ni èrè olùkọ́ wà. Àwọn olùkọ́ fúnra wọn a máa sọ ọ́ nígbà tí owó oṣù bá pẹ́. Àwọn tí kì í ṣe olùkọ́ a sì máa fi tù wọ́n nínú. A kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ohun tí ó wà ní ọ̀run. Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé ẹ̀ka kan wà nínú iṣẹ́ olùkọ́ tí èrè rẹ̀ máa ń tẹ ènìyàn lọ́wọ́ níhìn-ín, tí ojú sì ń rí i. Ẹ̀ka náà ni kíkọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n nílò ẹ̀kọ́ àkànṣe: ọmọ tí kò gbọ́ràn, ọmọ tí kò ríran, ọmọ tí òye rẹ̀ kì í tètè jí, ọmọ tí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa, àti ọmọ tí ọ̀rọ̀ kò já gaara lẹ́nu rẹ̀. Olùkọ́ àkọ́kọ́ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń ní kì í sí ní ilé-ẹ̀kọ́ rárá. Ilé ni ó wà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ni.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa. Ní agbolé púpọ̀, bí àlejò bá ti kan ilẹ̀kùn, ọmọ kan wà tí a máa ń sáré tì sí inú yàrá. A kì í mú un lọ sí ibi ìsọmọlórúkọ. A kì í mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí ní ọjọ́ ọdún. A ń fún un ní oúnjẹ, a ń wẹ̀ ẹ́, a ń wọ aṣọ fún un, a sì gbà pé a ti ṣe ojúṣe wa. Nígbà tí ó bá pé ọmọ ọdún 10, tí kò lè wọ ṣòkòtò ara rẹ̀, a ó ní, "Ẹ ò rí i, kò lè kọ́ nǹkan kan." Ṣùgbọ́n ta ni ó ti kọ́ ọ rí? Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ìlẹ̀kẹ̀ tí à ń wí níhìn-ín ni ẹ̀kọ́.

Ẹ má wá ẹni tí ó ṣe é

Ìbéèrè tí ó máa ń gba àkókò jù lọ ní ilé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni pé, "Ta ni ó ṣe é?" Ìyá ọkọ a máa wo ìyàwó, ìyàwó a máa wo orogún, gbogbo ilé a sì wá máa wo ìyá àgbà kan ní ìkángun agbolé. Ní ojú ìṣègùn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ohun tí ó ń fa ìṣòro yìí kì í ṣe ohun àràmàǹdà. Ìrọbí tí ó pẹ́ jù, débi pé ọmọ kò tètè ké nígbà tí ó délẹ̀, lè pa ọpọlọ ọmọ lára. Ibà pọ́njú ìkókó, tí ojú àti ara ọmọ a máa yí padà bí ẹni pé a fi àtalẹ̀ pupa kùn ún, lè ba etí àti ọpọlọ jẹ́ bí a kò bá tètè gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwòsàn. Ìdí nìyí tí a fi ń kìlọ̀ pé kí ẹ má ṣe fi káńfọ̀ sí àárín aṣọ ìkókó, nítorí pé ó máa ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan, ibà náà yóò sì le sí i. Àrùn èèyi lè gba ojú, àrùn yírùnyírùn tí í mú ọrùn gan lè gba etí. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nínú gbogbo ọmọdé 10 tí etí wọn kò gbọ́ràn, a bá ti dáàbò bo nǹkan bí 6.

Àwọn ọmọ mìíràn wà tí inú oyún ni ọ̀rọ̀ tiwọn ti bẹ̀rẹ̀. Okùn tín-ín-rín tí àbùdá ènìyàn so rọ̀ mọ́ jẹ́ 46 nínú ara ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọmọ tí àwọn oníṣègùn ń pè ní ọmọ Down ní 47. Kò sí oúnjẹ tí ìyá jẹ, kò sì sí ibi tí ó rìn sí ní òru tí ó fà á. Àkókò tí gbogbo ilé fi ń wá ẹni tí ó ṣe é, ọmọ náà ń dàgbà láìkọ́ nǹkan kan.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ etí àti ojú wò

Kí ẹnikẹ́ni tó pe ọmọ ní olódo tàbí dìndìnrìn (orúkọ burúkú ni méjèèjì, wọn kò sì wo ẹnikẹ́ni sàn rí), ẹ kọ́kọ́ yẹ etí àti ojú rẹ̀ wò. Ọmọ oṣù 6 yẹ kí ó máa yí orí sí ibi tí ohùn ìyá rẹ̀ ti ń wá. Ọmọ ọdún kan yẹ kí ó ti ní ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì lẹ́nu. Ọmọ ọdún 2 yẹ kí ó ti máa so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Bí tiyín kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí kò ti lè rí yín, kí ẹ pe orúkọ rẹ̀ tàbí kí ẹ mi kọ́kọ́rọ́. Bí kò bá yíjú, ẹ má dúró dè é pé "yóò sọ̀rọ̀ tí ó bá yá, bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀." Ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn. Bákan náà ni ọmọ tí ọyún ń jáde ní etí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ẹ má ṣe da òróró tàbí epo kankan sí i.

Ní ti ojú, ẹ ṣọ́ ọmọ tí ó máa ń gbé ìwé sún mọ́ imú, tí ó ń fún ojú pọ̀ bí ó bá ń wo ọ̀kánkán, tí ó sì ń kọ ohun tí ó yàtọ̀ sí ohun tí ó wà lójú pátákó. A ti na irú ọmọ bẹ́ẹ̀ púpọ̀ ní àwọn kíláàsì wa, nígbà tí ó jẹ́ pé awò ojú ni ó nílò.

Láti òpin ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a wá dé orí ọmọ tí òye rẹ̀ kì í tètè jí, nítorí pé òun ni a máa ń yára sọ ìrètí nù lórí rẹ̀. Ọmọ yìí lè kọ́ nǹkan. Ohun tí kò lè ṣe ni kí ó gbé gbogbo rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ sì ni ó jẹ́ pé odindi ni àwa máa ń gbé fún un.

Ẹ wo wíwọ ṣòkòtò péńpé. Lójú wa, iṣẹ́ kan ni. Bí ẹ bá fara balẹ̀ tú u palẹ̀, ẹ ó rí i pé iṣẹ́ mẹ́fà ni: kí ọmọ mú ṣòkòtò náà, kí ó mọ iwájú rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀yìn, kí ó ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ̀ ọ́, kí ó ki ẹsẹ̀ òsì bọ̀ ọ́, kí ó fà á dé orúnkún, kí ó fà á dé ìbàdí. Ọ̀pọ̀ ilé a máa bẹ̀rẹ̀ láti orí èkínní. Ọmọ á mú ṣòkòtò, á dojú rẹ̀ kọ ẹ̀yìn, á ki ẹsẹ̀ méjèèjì sí ojú kan, á ṣubú. Ìyá á já a gbà, á wọ̀ ọ́ fún un pẹ̀lú ìkanra, ọjọ́ á sì tún lọ. Ohun tí ọmọ náà kọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn ni pé òun kò lè ṣe é.

Àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ àkànṣe a máa yí i padà. Láti òpin ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ni kí ẹ ṣe iṣẹ́ márùn-ún àkọ́kọ́, kí ṣòkòtò ti wà ní ìtòsí ìbàdí, kí ẹ wá gbé ọwọ́ ọmọ náà lé etí rẹ̀, kí ẹ sì sọ pé, "Fà á." Òun ni yóò fà á dé òkè. Lójú ẹsẹ̀ náà, ẹ pàtẹ́wọ́ fún un, ẹ ki oríkì rẹ̀. Òun ni ó parí iṣẹ́ náà, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó bá ti ń ṣe èyí fún ọjọ́ mélòó kan láìjẹ́ pé ẹ ràn án lọ́wọ́, ẹ fi iṣẹ́ méjì ìkẹyìn sílẹ̀ fún un, lẹ́yìn náà mẹ́ta, títí ẹ ó fi padà sẹ́yìn dé ìbẹ̀rẹ̀. Ó lè gba oṣù mẹ́ta. Ó lè gba ọdún kan. Ṣùgbọ́n ní gbogbo òwúrọ̀ tí ó wà láàárín, ọmọ náà ń fi àṣeyọrí parí ohun tí ó dáwọ́ lé, èyí kò sì ṣẹlẹ̀ sí i rí.

Ọ̀nà kan náà ni ẹ lè gbà kọ́ ọ bí a ti ń fọ ọwọ́, bí a ti ń fi ṣíbí jẹun, bí a ti ń wẹ̀, bí a ti ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kí gbogbo ilé máa lo ọ̀rọ̀ kan náà fún iṣẹ́ kan náà. Bí ìyá bá ń sọ pé "fà á," tí bàbá ń sọ pé "gbé e sókè," tí ìyá àgbà sì ń sọ pé "wọ̀ ọ́, ọkọ mi," èdè mẹ́ta ni ẹ ń sọ fún ọmọ tí ó ń bá ẹyọ kan jìjàkadì. Ìṣẹ́jú 10 lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ sàn ju wákàtí kan gbáko lọ. Ẹ fi ẹgba sílẹ̀ pátápátá. Ẹ̀rù a máa lé ohun tí ọmọ ti mọ̀ lọ, kì í mú ohun tuntun wá.

Ilé ìdáná gan-an jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́. Ṣíṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà ń kọ́ ojú àti ìka. Yíya àgbàdo sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀wà ń kọ́ ọmọ ní ìyàtọ̀. Kíka ọsàn sínú agbọ̀n ń kọ́ ọ ní ìṣirò, kíká aṣọ tí ó ti gbẹ ń kọ́ ọwọ́ méjèèjì láti ṣiṣẹ́ pọ̀. Nígbà tí ó bá yá, ẹ fún un ní ₦100 péré, kí ẹ rán an sí ìsọ̀ aládùúgbò tí ẹ ti bá sọ̀rọ̀ sílẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì máa wò ó láti ọ̀ọ́kán.

Ẹ ra ìwé ìkọ̀wé kékeré kan. Ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ kọ déètì sí i àti ohun kan tí ọmọ náà ṣe tí kò lè ṣe tẹ́lẹ̀, bó ti wù kí ó kéré tó: "Ó fa ṣòkòtò dé ìbàdí." "Ó nawọ́ sí omi nígbà tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́." Bí ìyá kò bá mọ̀wé, kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan nínú ilé bá a kọ ọ́. Ọjọ́ ń bọ̀ tí yóò rẹ̀ yín, tí yóò dà bí ẹni pé a kò kúrò lójú kan. Ní ọjọ́ yẹn ni kí ẹ ṣí ìwé náà sí ojú ewé àkọ́kọ́. Ẹ má fi ọmọ yín wé ọmọ aládùúgbò. Ẹ fi wé ara rẹ̀ ní ọdún tí ó kọjá.

Ṣé èrè kékeré ni ẹ ka èyí sí? Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Ọmọ tí ó lè wọṣọ, tí ó lè jẹun, tí ó sì lè lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fúnra rẹ̀ ti dá ìyá rẹ̀ padà sí ẹnu iṣẹ́. Ìyá lè lọ sí ọjà láìbẹ ará ilé. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó kọ̀ láti gbà á ní ọdún tó kọjá kò ní ohun tí yóò fi ṣe àwáwí mọ́. Èyí tí ó jinlẹ̀ jù ni ti ọmọbìnrin. Ọmọbìnrin tí kò lè wẹ ara rẹ̀ yóò wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá wẹ̀ ẹ́, ayé sì ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tí a bá kọ́ bí a ti ń wẹ̀, bí a ti ń tọ́jú nǹkan oṣù, tí a sì kọ́ pé ibi kan wà lára òun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn, pé kí òun kígbe, kí òun sì wá sọ fún màmá, ààbò ni ìyá rẹ̀ fún un, èyí tí kò sí kọ́kọ́rọ́ tí ó lè fún un.

Orúkọ tí etí kò gbọ́

Àwa Yorùbá máa ń sọ ọmọ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ. Ẹ ro ti ọmọ tí kò gbọ́ràn láti inú oyún wò. A fi oyin àti iyọ̀ kàn án lẹ́nu, ìyẹn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ tí gbogbo ẹbí pè lé e lórí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó lè pé ọmọ ọdún 7 láìmọ̀ pé òun ní orúkọ, láìmọ̀ pé ohun gbogbo ní orúkọ. Nígbà tí ebi bá ń pa á, yóò fa ìyá rẹ̀ láṣọ. Nígbà tí inú bá ń run ún, yóò sunkún, a ó sì sọ pé oníjàngbọ̀n ọmọ ni.

Láàárín àwọn adití tí wọ́n ń sọ èdè ọwọ́, olúkúlùkù ni ó ní orúkọ ọwọ́. Àmì kan ni, tí ó jẹ́ tirẹ̀: bóyá nítorí àpá tí ó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, bóyá nítorí bí ó ti ń rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí ó bá kọ́kọ́ yé ọmọ pé "àmì yìí, èmi ni," bí ìsọmọlórúkọ kejì ni ọjọ́ náà rí, ọmọ fúnra rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, yóò máa nawọ́ sí omi, sí ajá, sí ìyá àgbà, kí a sọ orúkọ wọn fún òun. Bí olùkọ́ kan bá wà tí ó rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ bi í léèrè bóyá ọ̀run ni èrè rẹ̀ wà.

Lára àwọn tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ iṣẹ́ yìí lélẹ̀ ní ilẹ̀ wa ni Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí a bí ní Alabama ní 1925. Ó jẹ́ ọmọ ọdún 11 nígbà tí àrùn yírùnyírùn gba etí òun àti arákùnrin rẹ̀. Ní 1954, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba oyè ní Gallaudet, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn adití tí ó wà ní Washington. Ó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Accra ní 1957, ó sì dá òmíràn sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960. Kí jàǹbá ọkọ̀ òfúrufú tó gba ẹ̀mí rẹ̀ ní Rwanda ní 1987, ilé-ẹ̀kọ́ adití tí ó dá sílẹ̀ ní Áfíríkà ti lé ní 30. Lára èdè ọwọ́ tí ó mú wá ni èyí tí ọ̀pọ̀ adití ní Nàìjíríà ń lò títí di òní ti ṣẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn adití wa ti fi àmì tiwọn kún un. Lójú tiwa, ohun tí ó tóbi jù nínú ìtàn ọkùnrin yìí ni pé adití ni òun náà. Àwọn ọmọ tí ó kọ́ wo ọ̀gá wọn, wọ́n sì rí i pé ẹni tí kò gbọ́ràn lè di ọ̀gá.

Nítorí náà, bí a bá ti sọ fún yín ní ilé-ìwòsàn pé ọmọ yín kò gbọ́ràn, ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí yóò tó ọmọ ilé-ìwé. Ọdún márùn-ún àkọ́kọ́ ni èdè máa ń wọ ọmọ lára jù. Ẹ wá adití àgbàlagbà tàbí olùkọ́ adití tí ó súnmọ́ yín, kí gbogbo ilé kọ́ àmì pọ̀: jẹun, mu omi, ó ń dùn mí, mo fẹ́ràn rẹ. (Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, kí bàbá má jẹ́ kí ìyẹn tì í lójú.) Ẹ kọjú sí ọmọ náà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà kí ẹ tó bá a sọ̀rọ̀. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé èdè ọwọ́ kò ní jẹ́ kí ọmọ là ẹnu. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó bá ní èdè kan ní ibi tí yóò gbé èkejì lé.

Ìka tí ń kàwé

Ti ọmọ tí kò ríran kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí pé ọmọ tí ó ń gbọ́ràn ti ní èdè. Ohun tí ó ń ṣe é ní jàǹbá ni kí a máa gbé e jókòó sí ojú kan. Ẹ jẹ́ kí ó fọwọ́ kan odó, ìkòkò, ewúrẹ́, aṣọ òkè. Ẹ dárúkọ wọn fún un. Ẹ má máa yí àga ilé kiri láìsọ fún un. Louis Braille, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí a bí ní 1809, jẹ́ ọmọ ọdún 3 nígbà tí irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó nínú ìsọ̀ aláwọ bàbá rẹ̀ ṣe ojú rẹ̀ léṣe. Ó tó ọmọ ọdún 15 nígbà tí ó gbé ìkọ̀wé ojú-àmì 6 kalẹ̀, èyí tí àwọn afọ́jú gbogbo ayé ń fi ìka kà. Ìkọ̀wé náà ni a fi ń kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ Pacelli ní Sùúrùlérè, Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní 1962, àti ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ afọ́jú mìíràn.

Ohun tí olùkọ́ ń rí gbà

Ní 1977 ni ìjọba àpapọ̀ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ àkànṣe sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ní ọdún náà gan-an ni ìlànà ẹ̀kọ́ ilẹ̀ wa ya ààyè sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ àkànṣe. Àwọn tí ó ti ibẹ̀ jáde kò tíì kárí, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ olùkọ́ lásán, tí ó ní ọmọ 50 nínú kíláàsì, ni ọmọ yín yóò bá pàdé. Kí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ má bẹ̀rù. Nítorí ọmọ kan tí kò gbọ́ràn, yóò kọ́ láti dojú kọ kíláàsì nígbà tí ó bá ń sọ̀rọ̀, dípò kí ó máa bá pátákó sọ̀rọ̀. Nítorí ọmọ tí ojú rẹ̀ kò dá ṣáká, yóò máa kọ lẹ́tà tí ó tóbi, yóò sì máa ka ohun tí ó kọ síta. Nítorí ọmọ tí òye rẹ̀ kì í tètè jí, yóò kọ́ láti gé ẹ̀kọ́ sí wẹ́wẹ́. Àwọn ọmọ 49 yòókù ni yóò jẹ àǹfààní rẹ̀, nítorí pé nínú wọn ni àwọn kan wà tí kò yé rárá, tí ojú sì ń tì láti sọ. Ọmọ tí a rò pé yóò dá kíláàsì dúró ni ó sọ olùkọ́ náà di ọ̀gá nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ibi tí ó ti le

A kò ní tàn yín. Ọmọ wà tí kò ní kàwé láéláé, bó ti wù kí a kọ́ ọ tó. Ìmọ̀ bí a ti ń wẹ̀, bí a ti ń kí ènìyàn, bí a ti ń ṣa ẹ̀wà ni yóò jẹ́ ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Àìsàn tàbí gìrì lè gba ohun tí ó ti mọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ tún padà sí iṣẹ́ ìkẹfà, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti òpin. Owó ọkọ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àkànṣe kì í ṣe kékeré, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jìnnà. Ó máa ń rẹ ìyá. Kí bàbá gba ìṣẹ́jú 10 tirẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ ojoojúmọ́, kì í ṣe kí ó máa béèrè ní alẹ́ pé, "Kí ni ẹ kọ́ ọ lónìí?"

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn oníṣòwò ìwòsàn. A kò ní kí ẹ má gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gba owó lọ́wọ́ yín pé òun yóò fi àgbo tàbí àdúrà sọ 47 di 46, owó yín ni ó fẹ́. Ẹ má ṣe tìtorí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni dá oògùn gìrì tí dókítà kọ fún ọmọ dúró.

Ibi tí ẹ ó lọ

Òfin wà lẹ́yìn yín. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé jáde ní 2003, àwọn ìpínlẹ̀ sì ti ń sọ ọ́ di òfin tiwọn. Òfin ẹ̀kọ́ kárí ayé ti 2004 sọ ẹ̀kọ́ ọdún 9 àkọ́kọ́ di ọ̀fẹ́ àti ọ̀ranyàn fún gbogbo ọmọ, kò sì yọ ọmọ aláàbọ̀ ara sílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ fọwọ́ sí òfin tí ó ka fífi ojú kéré àwọn aláàbọ̀ ara léèwọ̀. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá ní òun kò gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù rán an létí.

Ilé ìtọ́jú ìlera tí ó súnmọ́ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ dání, kí ẹ sì bèèrè pé kí a kọ ìwé yín sí ilé-ìwòsàn ńlá fún àyẹ̀wò etí àti ojú. Ẹ gba èsì àyẹ̀wò náà sọ́wọ́, kí ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí ẹ bèèrè ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ní olùkọ́ ẹ̀kọ́ àkànṣe tí kò jìnnà jù. Ẹ lọ kí ilé-ìwé tó wọlé ní oṣù kẹsàn-án, nítorí pé àyè kì í pọ̀. Nígbà tí ẹ bá dé ilé-ẹ̀kọ́ náà, ẹ bèèrè iye ọmọ tí ó wà lọ́dọ̀ olùkọ́ kan, ẹni tí ń mú ọmọ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àti ọjọ́ tí àwọn òbí lè wá wò bí a ti ń kọ́ wọn. Ẹ mú ìwé ìkọ̀wé kékeré yẹn dání pẹ̀lú. Olùkọ́ tí yóò gba ọmọ náà yóò fẹ́ mọ ibi tí ẹ ti bá a dé.